Ohun Tí Bàbá Máa Ń Sọ

Volkmar àbúrò mi,

Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Brazil. Orúnkún mi ti gbádùn. Hamburg tá a dàgbà sí ti yí padà, àfi ẹja rẹ̀.

Ní Ulm, ìlú bàbá wa, mo ń ya àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn. Ìyá àgbà kan wò ó títí, ó ní, "Kò burú."

Mo ní, "Ohun tí bàbá mi máa ń sọ nìyẹn. Wọn ò yìn mí rí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ní Ulm níbí, tá ò bá ti bú ẹ, a ti yìn ẹ́. 'Kò burú' kẹ̀? Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi rí!"

Àṣé gbogbo àwòrán mi ni bàbá yìn!

Bá mi gbé èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín sí pálọ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Lọ́la, màá dé ibi sàréè bàbá, màá ní, "Ẹ̀yin náà ò burú."

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Gudrun