Píìnì Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kọkànlá 2019
Mo fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ Ìyá Arúgbó, katakata wa níbi ìwakùsà èédú. Ẹ̀wọ̀n irin tó jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ — ọ̀kan nínú àwọn píìnì tó so ó pọ̀ ti ń yọ síta. Ìka méjì. Mo fi òòlù gbá a, ó wọlé wẹ́rẹ́. Kò yẹ kó wọlé wẹ́rẹ́. Àyà mi já.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ó tún ti yọ. Àpárí, ọ̀gá wa, ní píìnì tuntun di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n fi iná jó o mọ́bẹ̀ ná. Mo jó o. Bí ẹ̀wọ̀n yẹn bá já létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọgọ́ta mítà ni ìsàlẹ̀. Vukota ló ń wà á. Kum mi ni, bẹ́ẹ̀ làwa méjèèjì ń pe ara wa — òun ló dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun ló gbé ọmọ mi níbi ìrìbọmi.

Ọjọ́rú, 6
Oúnjẹ ò lọ. Mo purọ́ fún Kosara ìyàwó mi pé inú ló ń run mí.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ojú ibi tí mo jó ti sán. Mo sọ fún Kum nídìí kọfí, lójú gbogbo wọn. Orí mi ò pé! Ikú yá ju ẹ̀sín — àwa ọkùnrin Montenegro ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní, "Kum, ṣé o ti di ìyá mi ni? Lọ fi gírísì para!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àpárí ní kí wọ́n ra ìborí fún mi. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Òjò. Iṣẹ́ dúró. Ọlọ́run ṣeun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Àpárí rán Vukota lọ sétí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú ẹrẹ̀ yẹn. Mo wo ẹ̀wọ̀n: píìnì ti yọ tó àtẹ́lẹwọ́. Mo pariwo, Kum ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́ — mo dùbúlẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo dijú. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹ̀yìn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mi ò rántí ìparí rẹ̀.

Ó dúró.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àpárí ní wèrè ni mí, kí n kẹ́rù mi. Kum sọ̀kalẹ̀, ó fà mí dìde. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Etí mi ló sọ ọ́ sí: "Mo ti rí píìnì yẹn láti ọjọ́ Ajé. Mi ò kàn lè jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀."

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì sọ fún Kosara.