Iná Aago Inú Ọkọ̀ Àkọ́bí Mi

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń yọ mí lẹ́nu. Àbíkẹ́yìn mi ti ríṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í jẹun bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́bí mi ló mú mi kọ̀wé. Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ilé-ìwé ló ń wà. Iná aago tó ń fi eré hàn níwájú ọkọ̀ náà, àwọ̀ ewé ni tẹ́lẹ̀. Ó ní kò mọ́lẹ̀ tó, ó ní kí oníwáyà sọ ọ́ di búlúù. Kò pé oṣù méjì, ó tún sọ ọ́ di funfun. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Màmá, fáàrí ni. Ẹ jẹ́ ká lajú!" Lánàá, èmi tí mo jókòó sẹ́yìn rí aago náà kedere, òun ń na ọrùn sí i bí ìjàpá.

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí fìtílà ni bàbá wa kọ́kọ́ ń bá jà pé kò mọ́lẹ̀, kí ojú wọn tó lọ pátá? Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹnu yín nìkan ló ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kí ilé-ìwé tó wọlé lọ́jọ́ Ajé, kó lọ yẹ ojú wò. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń kó. Ẹ má sọ pé èmi ni mo wí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ yẹ tiyín wò. Bàbá kan náà ló bí wa, mi ò sì lè máa ṣàníyàn ojú ènìyàn méjì pọ̀.

Èmi àbúrò yín.