Bẹ́rì Inú Ike Oògùn Bàbá

                                        Yàrá Kejì,
                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aláago.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ rójú sùn? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni.

Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wa sọ pé bẹ́rì, àwọn èso wẹ́wẹ́ dúdú yẹn, lè ṣe ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lóore, pé ká máa jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ. Mo ra gbígbẹ wálé fún Bàbá, mo sì bù mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ ò ní í nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Àwàdà ni mo pè é.

Ẹ mọ Bàbá, aláago ni wọ́n, gbogbo nǹkan ló ní ojú tiẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bàbá kó oògùn inú ike olójú méje tí ẹ rà fún wọn dà sínú agolo ìṣó, wọ́n wá ka bẹ́rì sí i ní mẹ́ta mẹ́ta, láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè. Láràárọ̀ tí mo bá béèrè, wọ́n á ṣí ike hàn mí pé ojú tòní ti ṣófo. Inú mi á dùn bí òmùgọ̀.

Láàárọ̀ àná, ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń tún aago ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ wọn ṣáá. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Mo mú wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n ti pa oògùn tì. Mo ní wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́. Bàbá ló dáhùn: “Ó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí. Ọmọ yìí ló ní mi ò nílò ẹ̀ mọ́.” Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Dókítà ní kí wọ́n máa jẹ bẹ́rì wọn, oúnjẹ tó dáa ni, àmọ́ kò lè rọ́pò oògùn. Pé bó bá ń lọ báyìí, apá àti ẹsẹ̀ lè rọ. Síbẹ̀, Bàbá ò fẹnu kan oògùn tuntun náà. Mo kúnlẹ̀, mo ní irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí. Wọ́n ní, ta ló wá mọ̀ bóyá irọ́ náà ni mò ń pa báyìí?

Fóònù yín ò lọ látàná, ìyẹn ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi, kí ẹ sì bá ọkọ̀ tó gbé e wá padà. Tiyín nìkan ni Bàbá ń gbọ́. Bí ẹ bá dé, ẹ má gbè mí o. Ẹ pè mí ní òpùrọ́ lójú wọn, kí wọ́n lè lo oògùn wọn.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wo ọ̀nà,
Asọ̀rọ̀-má-sinmi.