Iyọ̀ Tí O Bù Sí Oúnjẹ Bàbá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Mo fẹ́ kí ara rẹ le gan-an, nítorí ìbínú tó wà nínú mi báyìí, mi ò fẹ́ dà á sórí aláìsàn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé lo ti sá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Mo pè ọ́ lánàá, o pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu, o ní mo ń pariwo. Ó dáa. Ìwé rèé. Jókòó kà á.

Bàbá ti kúrò nílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ wọn tó wú ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n sì ti ń fi ẹnu ara wọn béèrè oúnjẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Òun ló bá wọn lórí àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ti di irin mú, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí wọn ò lè sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìwọ wà níbi iṣẹ́. Èmi wà níbi tí wọ́n rán mi lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fẹ́ kó wá sí ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Pé o wà níbi iṣẹ́ kọ́ ló ń bí mi nínú. Ohun tó ń bí mi nínú ń bọ̀.

Bí mo ṣe wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ Bàbá sí, dókítà ò bi mí pé ta ni mí. Ó kàn rí i pé obìnrin ni mí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń se oúnjẹ bàbá? Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru tẹ́lẹ̀, ẹ tún wá ń da iyọ̀ fún wọn tó báyìí?" Mo dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kí n tó lọ, ṣebí mo bẹ̀ ọ́ nípa iyọ̀ yìí? Ṣebí o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá wà lọ́wọ́ mi"?

Mo délé, mo wọ ilé ìdáná. Agolo ni mo bá. Agolo ẹ̀wà, agolo ẹran, agolo ọbẹ̀, wọ́n kún inú ike ìdalẹ̀nù, wọ́n sì dà sílẹ̀. Àlùbọ́sà tí mo rà sílẹ̀ ti hu ewé. Tòmátò ti di omi. Agolo lo kàn ń ṣí, tí o ń gbé e kaná. Iyọ̀ ti wà nínú ẹ̀ rẹpẹtẹ kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é, ìwọ tún wá bu tìrẹ lé e. O ò tiẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀.

Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ń gbìyànjú. Ọjọ́ tó dáná fúnra ẹ̀, oúnjẹ ọ̀hún ò dùn lẹ́nu, èmi ni mo ní kó fi iyọ̀ sí i." Wọ́n ní ṣe lo da omi, ẹja àti àlùbọ́sà tútù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí o sè é títí ẹja fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Iyọ̀ lo wá fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀!

Kí lo sì wí fún mi lórí fóònù kí o tó pa á? "Èmi kì í kúkú ṣe obìnrin." Ṣé ọmú ni mo fi ń bó àlùbọ́sà ni? Ìwọ tí o ń tún fóònù ṣe, tí o ń tú nọ́ọ̀tì tí ò tó hóró ìrẹsì, ọwọ́ yẹn náà ni ò lè di ọ̀bẹ mú?

Fetí sílẹ̀. Jẹ́ kí ìkòkò gbẹ lórí iná kí o tó da òróró sí i. Bí òróró bá ti ń rú èéfín, o ti pẹ́ jù. Da àlùbọ́sà sí i, dín iná kù, kí o sì dúró tì í. Dúró! Má lọ tẹ fóònù. Á rọ̀, á pọ́n díẹ̀díẹ̀, òórùn ẹ̀ á yí padà. Adùn tí o ń wá nínú iyọ̀ nìyẹn. Ìgbà náà ni kí o fi aáyù sí i, torí aáyù tètè ń jóná, ó sì ń korò. Tòmátò ló kàn, dín in títí kíkan ẹ̀ á fi lọ. Omi díẹ̀, kí o tó wá fi ẹja sí i. Ẹja kì í pẹ́ jinná. Tó bá ti funfun dénú, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, kí o sì tọ́ ọ wò kí ọwọ́ rẹ tó kan iyọ̀ rárá. Bí mo ṣe se é lánàá nìyẹn. Bàbá fi búrẹ́dì nu àwo.

Mo gbọ́dọ̀ padà lọ parí ẹ̀kọ́ mi. Mo bẹ nọ́ọ̀sì kó máa bá wa se oúnjẹ Bàbá, ó gbà, Bàbá ló kọ̀. Wọ́n ní ọmọkùnrin àwọn wà láyé, òun ló máa se é. Inú bí mi sí àwọn náà. Mo lọ sí balùwẹ̀, mo sunkún, torí nínú ọkọ̀ tó gbé mi bọ̀, òkú wọn ni mo rò pé mo fẹ́ wá bá.

Nítorí náà, wá sílé ní Sátidé. Ìwọ lo máa dáná. Èmi á jókòó ti Bàbá, mi ò ní fọwọ́ kan ṣíbí. Tó bá jóná, a jọ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí Bàbá sí fún wa. Kó má jẹ́ ká fi ọ̀lẹ pa ẹni tó tọ́ wa. Kó fún ọ ní etí tó ń gbọ́ràn, kó sì pẹ̀tù sí mi nínú kí o tó dé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí inú ṣì ń bí.

Mo tún rántí: Bàbá ti ka lẹ́tà yìí. Wọ́n ní mo ti le jù. Mo bi wọ́n bóyá kí n tún un kọ. Wọ́n ní rárá, kí n ṣáà tètè fi í ránṣẹ́.