Okùn Tí Mo Ṣe fún Ẹsẹ̀ Gbémi

Ojúlé Oyètọ́lá,
Ìwópin.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Gbémi ọmọ mi,

Ṣé ara ń le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ará Èkó ń jẹ́ kí o sinmi? Ọlọ́run tó jí wa lónìí ni yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Èmi náà wà, ara mi dá, àfi pé n kò lè jókòó sójú kan. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta lọ wo ọ̀sà, n kò sì mọ ohun tí mo ń wá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pátákó afẹ́fẹ́ tí o fi sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn mi nígbà Àjíǹde ni. Nígbà tí o ní wọ́n ń dúró lórí rẹ̀ lójú omi, mo rò pé o ń bá mi ṣeré ni, nítorí tìmùtìmù ni mo pè é. Ìgbà tí o wá fi àwòrán ara rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù, tí o nàró gbangba láàárín ọ̀sà bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò, mo yára gbé fóònù kúrò létí ìkòkò omi kí o má baà já sí i. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ wọlé, pé kí n bá ọ wá ẹni tí yóò ṣe àpò tí o ó fi máa gbé e kọ́ èjìká, ike tí omi kò ní wọ̀ fún fóònù, àti okùn tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, nítorí èyí tó bá a wá ti sọnù. Gbémi, ewúrẹ́ là ń so lókùn lẹ́sẹ̀. N kò tíì rí ọmọ tó kàwé jáde tí wọ́n so mọ́ tìmùtìmù. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹ̀. Wòlíì wa ní òun kò rí ewu kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n Mámù nínú igbó lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bí wòlíì, kò mọ omi.

Mo bá ní kí n ṣe é fúnra mi. Àpò ìrẹsì mẹ́rin ni mo rán pọ̀ fún àpò náà. Ike bọ́tà tó ní ìdérí tó le ni mo lò fún fóònù. Kí n lè mọ̀ bóyá ó dára, mo fi fóònù tèmi sínú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ rì sínú báàfù, mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ Ọmọ́wùnmí pè mí láti Òkè-Ṣópẹn. Ó dún nínú omi lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kí omi náà dáadáa, mo bi í léèrè àwọn ọmọ, kò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n fóònù kò tutù.

Okùn ló pẹ́. Okùn àwọ̀n ni mo dì ní ìdì mẹ́ta bí ẹni dirun, mo fi rọ́bà tíúbù táyà sí i láàárín kí ó lè máa fà. Èyí tí yóò yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, mo fi aṣọ òwú tẹ́ inú rẹ̀, mo sì tú ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra tó ń dún ṣàà lára bàtà ilé-ìwé rẹ àtijọ́ láti fi dè é. Nígbà tó parí, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ní n kò lè so ohun tí n kò mọ̀ mọ́ ọmọ mi lẹ́sẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo ní kí Hàmídù apẹja, ẹni tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, wá bá mi fẹ́ pátákó náà. Ó ní aago ara pọ́ǹpù náà ní kí á fẹ́ ẹ dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní aago wo ló ń lu mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láyé yìí, a dúró sí méjìlá ọ̀sán. Mo ká ìró mi sókè, mo so okùn mọ́ ẹsẹ̀, mo jókòó lé e, mo wà á jáde. Hàmídù ń tẹ̀ lé mi nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé ìyá, ẹ jẹ́ á padà.

Afẹ́fẹ́ yí. Pátákó náà yẹ̀ lábẹ́ mi, mo já sómi. Nígbà tí n óò fi yọrí, ó ti ń sá lọ bí ewé, ọkọ̀ Hàmídù sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbà náà ni okùn fà mí lẹ́sẹ̀. Mo fà á padà, ó padà. Mo gbé àyà lé e, mo sì sunkún.

Gbémi, nígbà tí bàbá rẹ kú, kíláàsì kẹta ni o wà, a sọ fún ọ pé ọkọ̀ rẹ̀ rì. Kò rì. Afẹ́fẹ́ gbé bàbá rẹ ṣubú, ọkọ̀ sì bá afẹ́fẹ́ lọ. A rí ọkọ̀ náà ní èbúté Mákùn láìní àpá kan, oúnjẹ tí mo dì fún un wà nínú rẹ̀, kò tíì tú u. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀, ó di ọjọ́ kẹta kí a tó rí i. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ tó bàbá rẹ ní gbogbo etí omi yìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í dúró de èèyàn. Mi ò sọ ọ́ fún ọ, nítorí mo rò pé bí ọmọdé bá gbọ́ pé ọkọ̀ lè fi èèyàn sílẹ̀, kò ní gbẹ́kẹ̀ lé nǹkan kan mọ́. Má bínú sí mi.

Hàmídù fi ọkọ̀ rẹ̀ fà mí dé èbúté. Ní ọjọ́ kejì ó wá sílé, ó jókòó lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú mi pé kí n wọ̀n ọ́n fún okùn tirẹ̀. Apẹja méjì mìíràn ti dé lẹ́yìn rẹ̀. N kò lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sójú omi, okùn àwọ̀n sì ti tán nílé. Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra okùn àti tíúbù. Má fi í sínú fóònù mọ́ o. Èyí tí o ní o fi sí i lóṣù tó kọjá, mo ní kí oníṣẹ́ fóònù ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì nìkan ló bá.

Wá mú ẹrù rẹ nígbà tí àyè bá yọ. Mo tún fẹ́ dìde lọ wo ọ̀sà, jẹ́ kí n dúró níbí. Olúwa yóò fẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀ níbi tí kò sí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gbé ọ lọ kò ní gbàgbé láti gbé ọ bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Leah Oyètọ́lá.