Ta Ló Pa Ẹ̀rọ Géèmù Gàníyù?

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́ igbá fínfín. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ̀yin àgbà agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo kúnlẹ̀ kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàáfíà ni mo wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kì í jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ní ìka lọ́wọ́.

Bàbá mi, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbà bá yín sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbèjà Gàníyù àbúrò mi lórí fóònù, ẹ kò gbé ìpè mi mọ́. Mo sì mọ̀ pé ẹ máa ń ra ìwé ìròyìn yìí níwájú mọ́ṣáláṣí tí ẹ bá ti kírun Jímọ̀ọ̀ tán. Iwájú mọ́ṣáláṣí kan náà lẹ ti pe ọmọ yín ní àpà lójú gbogbo èèyàn. Ibi tí a ti ba orúkọ èèyàn jẹ́, níbẹ̀ ló yẹ ká ti tún un ṣe.

Ẹ̀yin náà lẹ ta ilẹ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún yín nígbà tí Gàníyù kàwé tán tí kò ríṣẹ́. Ẹ fi ra ẹ̀rọ géèmù tuntun àti tẹlifíṣọ̀n fún un, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ rántí bí ibẹ̀ ṣe máa ń kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọlọ́kadà, àwọn télọ̀ tí iṣẹ́ kò tí ì ká mọ́, gbogbo wọn ló ń wá gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rówó ra ẹ̀wù tó wọ̀ nígbà tó mú Fúnmiláyọ̀ wá fojú hàn yín. Onítẹ̀bọmi paraku làwọn òbí ọmọbìnrin náà, síbẹ̀ wọ́n gbà, ẹ̀yin náà sì gbà.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fi kú. Kò jó, kò rú èéfín. Àárín eré ló ti dákẹ́, iná iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kò sì jí mọ́. Ìkejì tẹ̀ lé e, títí kò fi ku ọ̀kan. Gbogbo ayé ló sì mọ ẹni tó jẹ̀bi. Àwọn oníbàárà ní jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní iná ìjọba ni, èyí tó ń wá tó ń lọ bí olójòjò. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní eruku ọyẹ́ ni, ó tún un ṣe, ó sì tún kú. Ìyá Fúnmiláyọ̀ ní ọmọ òun kò ní fẹ́ ẹni tí nǹkan ń kú mọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin, Bàbá mi, ẹ ní bí igbá bá fọ́ lọ́wọ́ afíngbá, ẹnì kan kì í bá igbá wí. Ẹ ní kí Gàníyù má wọlé yín mọ́.

Ẹ kò bi mí rí, Bàbá, irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí. Ilé ńlá kan ni, lẹ́yìn odi ìlú, tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ géèmù tó bàjẹ́ wá. Èmi ni mò ń tú u, tí mò ń wo ohun tó pa á. Ilẹ̀ kì í tí ì mọ́ tí mo ti ń jáde, á sì ti ṣú kí n tó délé. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìsọ Yorùbá jáde lẹ́nu, àfi àdúrà tí mo bá ṣe lẹ́yìn ìrun.

Nílé àwọn tó ni ẹ̀rọ wọ̀nyí, iná kì í lọ. Kò sí ọyẹ́ níbẹ̀, kò sí eruku pupa. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ń kú. Mo tú ọ̀kan tí inú rẹ̀ mọ́ bí àwo tuntun, mo fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Òjé tí wọ́n fi lẹ ọpọlọ ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ ti là tẹ́ẹ́rẹ́, bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ìgbóná ni. Tí a bá ń lò ó, á gbóná. Tí a bá pa á, á tutù. Kó gbóná, kó tutù, títí òjé á fi là. Wọ́n ti há gbogbo rẹ̀ mọ́ inú àpótí pẹlẹbẹ kó lè wuni, fáànù inú rẹ̀ kò sì lágbára tó. Òótọ́ ni pé eruku àti iná burúkú máa ń jẹ́ kó yá, ṣùgbọ́n ilé ẹni tó ṣe é ni ẹ̀rọ náà ti gbé ikú rẹ̀ wá.

Mo bi ọ̀gá wa pé ta ló wá jẹ̀bi. Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní àwọn tó ni orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ ń sọ pé àwọn tó fi òjé lẹ̀ ẹ́ ni, àwọn yẹn ń sọ pé bí wọ́n ṣe ní káwọn ṣe é làwọn ṣe é. Ó ní tí n bá ti rí eruku bíńtín, kí n kọ ọ́ pé ẹni tó ni ín ni kò tọ́jú rẹ̀. Mo sì ń kọ ọ́, Bàbá. Ohun tí ẹ sọ sí Gàníyù ni mò ń sọ sí àwọn ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, nítorí iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun.

Mo ya àwòrán òjé tó là náà, mo fi ránṣẹ́ sí Gàníyù ní Ìkòyí-Ilé, níbi tó ti ń báni ṣiṣẹ́ lóko ẹ̀gẹ́. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Nígbà tó pè mí, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe òun. Ó ní ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò sí ní Takie kí wọ́n lè rí i bá wí, òun ló wà níbẹ̀.

Mo ní kó gbé àwòrán náà wá bá yín. Ó ní òun ti wá. Ó ní ẹ jókòó síwájú ilé, ẹ ń fín igbá, òun dọ̀bálẹ̀ kí yín, ẹ kò gbójú sókè. Òun tún kí yín, ẹ ń fín igbá yín lọ. Ìyá mi ló jáde, tí wọ́n fi omijé ní kó ṣì máa lọ ná. Ó ní fóònù náà ṣì wà lọ́wọ́ òun, àwòrán wà lójú rẹ̀, títí òun fi dé ibùdókọ̀.

Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo pe olóko rẹ̀. Ó ní Gàníyù di ẹrù rẹ̀, ó bá ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ lọ sókè Ọya. Ó ní wọn kò jà, kò sì sọ ibi tó ń lọ.

Bàbá mi, mi ò kọ èyí láti jàre yín. Kí ni n ó fi àre ṣe? Ẹ̀yà ọ̀kadà ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Fúnmiláyọ̀ ti lọ sílé ọkọ. Wọ́n ti kọ́lé sórí ilẹ̀ tí ẹ tà. Kò sí èyí tó máa padà nínú wọn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ yín kì í ṣe àpà. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí ẹ gbójú sókè lọ́jọ́ náà, àárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run nìyẹn.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, á fún yín ní ara líle. Ìyá mi, ẹ kò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí àwọn tí ẹ jọ ń fín igbá. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé kí ẹ bá mi kí Gàníyù, ọwọ́ mi sì dúró, nítorí kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ ibi tí yóò ti gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Rùkáyà