Ohun tí Bàbá Mi Kọ Sára Àpótí

Olóòtú ètò wa orí rédíò ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà ní ọmọ Pópó Àgùdà l'Ékòó ni.

Yunifásítì tó wà n'Íbàdàn ti gbà mí láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, kan àpótí ẹrù fún mi, ó sì fi ọ̀dà funfun kọ "Dókítà" síwájú orúkọ mi. Mo ní, "Bàbá, ìṣirò ni mo fẹ́ kọ́." Ó rẹ́rìn-ín: "Ìṣirò tí mo fi ń wọn pákó lójoojúmọ́? Ta ní ń torí ìyẹn wọ rélùwéè?"

Lọ́jọ́ Ẹtì ni mò ń lọ. Mo ti ra ọ̀dà dúdú. Ṣé kí n pa "Dókítà" náà rẹ́ níṣojú rẹ̀, àbí kí n dúró di ìgbà tí mo bá dé ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ìdó, lẹ́yìn tó bá ti juwọ́ sí mi tán? Ẹ̀yin bàbá tó ń gbọ́, èwo ni ẹ lè fi jì mí?